Bí Síkáànì Bá Rí Kókó Nínú Ọkàn Ọmọ Inú Oyún

Ọ̀rọ̀ aboyún àti ọmọ inú rẹ̀ ni a gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kan ìyàwó, ó kan ọkọ, ó sì kan ìyá ọkọ tí ó wà nílé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí ń dúró de ìròyìn ayọ̀ lórí fóònù.

Láyé àwọn bàbá wa, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú aboyún. Bí ọmọ bá wáyé tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí gìrì ń gbé e ṣubú láti kékeré, àlàyé kan ṣoṣo tí ó wà nílẹ̀ ni pé ayé ló ṣe é, tàbí pé àbíkú ni. Ìyá ọmọ náà ni ojú sì máa ń wò. Lónìí, ohun púpọ̀ nínú ohun tí ó fara sin nígbà náà ni à ń rí kí ọmọ tó bọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, tí a bá rí i, kí ni a ó fi rírí náà ṣe?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kókó tí síkáànì bá rí nínú ọkàn ọlẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ ikú, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Ìkìlọ̀ ni. Ó lè máa sọ fún wa pé àìsàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tí yóò kan ọpọlọ, kíndìnrín àti awọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkìlọ̀ náà lásìkò ní ohun púpọ̀ tí ó lè ṣe. Ẹni tí ó bá kọ etí dídi sí i ni yóò máa sáré nígbà tí ilé bá ti ń jó.

SÍKÁÀNÌ KỌJÁ AKỌ TÀBÍ ABO

Ní 1958, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Glasgow, nílẹ̀ Scotland, fi hàn nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet pé a lè fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ya àwòrán ohun tí ó wà nínú ikùn. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1980, àwọn dókítà bíi Lindsey Allan ní London ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yìí wo inú ọkàn ọlẹ̀ fínnífínní. Wọ́n ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde, àti bí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ṣe ń ṣí tí ó ń pa dé.

Nílùú tí a wà yìí, síkáànì kò jẹ́ ohun àjèjì mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá lọ kò ju mẹ́ta lọ: ṣé akọ ni àbí abo, ṣé orí ló dojú kọ ìsàlẹ̀, ọjọ́ wo ni a ó bímọ? Bí wọ́n bá ti ní akọ ni, a ti san owó, a ti ń pe ilé. A kò béèrè nípa ọkàn. A kò sì béèrè bóyá ẹni tí ó di ẹ̀rọ náà mú ti kọ́ bí a ṣe ń wo ọkàn.

Ọkàn ènìyàn dà bí ilé oníyàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, pẹ̀lú ògiri láàárín àti ilẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà lórí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni yóò ti rí i bí ohun kan bá hù níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dá a lámọ̀ràn ní 2016 pé kí gbogbo aboyún ṣe síkáànì kan ó kéré tán kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni àwọn dókítà sábà máa ń wo gbogbo ẹ̀yà ara ọlẹ̀, ọkàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kókó inú ọkàn lè má tíì hàn lásìkò yẹn. Púpọ̀ nínú wọn ni à ń rí láàárín ọ̀sẹ̀ 20 sí 30. Nítorí náà, ẹni tí irú àìsàn yìí wà nínú ìdílé rẹ̀, tàbí tí ó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, kò gbọdọ̀ fi síkáànì kan ṣoṣo mọ. Kí ó tún padà lọ bí oyún bá wọ nǹkan bí oṣù keje.

OHUN TÍ KÓKÓ NÁÀ JẸ́

Kókó inú ọkàn ọlẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Nínú àwọn tí a ń rí, èyí tí ó pọ̀ jù ni àwọn oníṣègùn ń pè ní rhabdomyoma. Ẹran ara ọkàn fúnra rẹ̀ ni ó hù kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í fò láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lára ògiri ọkàn tàbí nínú yàrá rẹ̀.

Àwọn kókó mìíràn tún wà. Teratoma sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn, nínú àpò tí ó bo ọkàn, ó sì máa ń jẹ́ kí omi gbá jọ yí i ká. Fibroma sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan. Ìdí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó jẹ́ ni pé ìtọ́jú wọn àti ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí kò rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí a yára sọ ohun kan kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìpayà sílẹ̀ lásán. Nígbà mìíràn síkáànì máa ń rí àmì funfun tíńtín kan nínú ọkàn ọlẹ̀, bí ẹyọ hóró iyọ̀. Èyí wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe kókó. Lọ́pọ̀ ìgbà kò túmọ̀ sí ohun búburú kankan fún ọkàn ọmọ náà. Bí wọ́n bá ní àwọn rí ohun funfun nínú ọkàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé àmì lásán ni, àbí kókó? Bí ẹni tí ó ṣe síkáànì kò bá lè dáhùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè dáhùn kí ẹ tó lọ fi omijé kún ilé.

Bí ó bá wá jẹ́ rhabdomyoma ní tòótọ́, ohun mẹ́ta ni àwọn dókítà yóò máa ṣọ́. Èkíní, ṣé kókó náà dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀? Èkejì, ṣé ọkàn ń lù ju bó ti yẹ lọ, tàbí kò lù déédéé? Ẹ̀kẹta, ṣé omi ti ń gbá jọ sínú ara ọlẹ̀, èyí tí í ṣe àmì pé ọkàn ti ń rẹ̀? Bí kò bá sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oyún náà lè máa lọ títí yóò fi pé oṣù rẹ̀, pẹ̀lú síkáànì lemọ́lemọ́. Bí ọ̀kan bá wà, ọ̀rọ̀ di ti kánjúkánjú.

Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ náà, kókó yìí sábà máa ń sún kì fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn a kéré, àwọn mìíràn a sì pòórá pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í nílò iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ẹni tí ó bá rò pé gbogbo ohun tí a bá pè ní kókó ni a gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ gé, kó mọ̀ pé èyí yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì máa jó. Kókó lè lọ, kí ohun tí ó fà á ṣì wà nínú ara.

IBI TÍ KÓKÓ NÁÀ Ń TỌ́KA SÍ

Ní 1862, dókítà ará Jámánì kan, Friedrich von Recklinghausen, ṣe àyẹ̀wò òkú ọmọ tuntun kan, ó sì bá kókó nínú ọkàn rẹ̀, ó tún bá ibi líle líle nínú ọpọlọ rẹ̀. Ní 1880, Désiré-Magloire Bourneville, dókítà ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, kọ̀wé nípa ọmọbìnrin kan tí wárápá ń bá jà, tí wọ́n bá ohun líle tí ó ta bí iṣu nínú ọpọlọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ tuberous sclerosis ti wá. Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó mọ̀ pé àìsàn kan náà ni ó ń fa ti ọkàn àti ti ọpọlọ.

Tuberous sclerosis máa ń mú nǹkan bí ọmọ kan nínú 6,000 sí 10,000. Bí kókó inú ọkàn ọlẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó jẹ́ àìsàn yìí ló wà nídìí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà ọlọgbọ́n fi máa ń sọ pé kí a tún wo ọpọlọ àti kíndìnrín ọlẹ̀ náà.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fi ọkàn yàwòrán ọkọ̀ akérò lórí Aba Road. Bí ó bá ní ẹ́ńjìnnì tó dára ṣùgbọ́n tí kò ní bùréèkì, gbogbo wa la mọ ibi tí yóò parí sí. Nínú ara ènìyàn, ohun kan wà tí ń sọ fún ẹ̀yà ara pé kí ó dàgbà, àbùdá méjì sì wà, TSC1 àti TSC2, tí wọ́n dà bíi bùréèkì fún un. Àwọn onímọ̀ rí TSC2 ní 1993, wọ́n sì rí TSC1 ní 1997. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bàjẹ́, ẹran ara a máa hù kọjá ààlà níbí àti lọ́hùn-ún: nínú ọkàn kí a tó bí ọmọ, nínú ọpọlọ, nínú kíndìnrín àti lára awọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ní i, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, wárápá máa ń wáyé. Àwọn kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tàbí kí ìwé tó yé wọn. Ṣùgbọ́n kì í rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ní i tí wọ́n kàwé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì bímọ, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní ohunkóhun.

TA NI Ó FÀ Á?

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa ti le jù, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti ń tú.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ genotype. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè rẹ̀ kí ó tó so tọkọtaya pọ̀. A mọ̀ pé bí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó náà jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, èyí tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tuberous sclerosis kò rí bẹ́ẹ̀. Àbùdá kan tí ó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ti tó. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú méjì láti ní i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn yìí, kò sí bàbá kò sí ìyá tí ó ní i. Àyípadà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ oyún tàbí kí oyún tó dúró. Kò sí oúnjẹ tí ìyá jẹ tí ó fà á. Kì í ṣe pé ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán, kì í ṣe pé ó kọ àgbo. Kò sí àbá genotype tí ìbá ti dí i lọ́nà. Ìyá ọkọ tí ó ń sọ pé ìyàwó ló gbé e wá láti ilé wọn ń sọ ohun tí kò mọ̀. Bákan náà ni ìyàwó tí ó ń sọ pé ìdílé ọkọ òun ló ni ín.

Nítorí náà, kí bàbá àti ìyá jọ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹnikẹ́ni má fi ìka sí ẹnikẹ́ni. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà yóò wò kò gba owó rẹpẹtẹ: awọ ara ni. Àwọn àmì funfun tí wọ́n rí bí ewé, tí wọ́n ti wà láti kékeré. Kókó wẹ́wẹ́ lójú, ní ẹ̀gbẹ́ imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní irorẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ tí kò sì gbọ́ ọṣẹ kankan. Ẹran kékeré tí ń hù ní ìdí èékánná. Ibi kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tí awọ rẹ̀ yi. Nílẹ̀ wa, a máa ń pe àmì funfun ní làpálàpá, àwọn kan a tilẹ̀ fura sí ẹ̀tẹ̀. Ẹni tí ó ní i a fi aṣọ bò ó, kò ní sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ má bò ó mọ́. Ohun tí ó wà lára yín lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí ìtọ́jú ọmọ yín.

Bí wọ́n bá yẹ bàbá àti ìyá wò tí wọn kò rí ohunkóhun, ó ṣeé ṣe díẹ̀ kí ó tún ṣẹlẹ̀ nínú oyún mìíràn, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an, nǹkan bí ìdá kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ìbẹ̀rù sọ pé òun kò bímọ mọ́ láéláé.

ÀYẸ̀WÒ NÍLẸ̀ WA

Àwọn kan yóò sọ pé oyìnbó ló ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó gbé ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò fòníkú-fọ̀ladìde fún ọmọ inú oyún nílẹ̀ Áfíríkà, nípa mímú díẹ̀ lára ibi ọmọ láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ọlẹ̀. Ọ̀nà náà la lè fi wo àbùdá tuberous sclerosis pẹ̀lú, tàbí kí a fa díẹ̀ nínú omi tí ọmọ wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló lè ṣe é, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tí kò bá lè ṣe é nínú oyún lè ṣe é fún ọmọ lẹ́yìn ìbí.

Nílùú wa níbí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Port Harcourt, tí gbogbo wa mọ̀ sí UPTH, ní àwọn dókítà ọkàn àwọn ọmọdé. Méjì nínú wọn, Barbara Otaigbe àti Petronila Tabansi, gbé ìwádìí ọdún mẹ́rin jáde ní 2014 nípa àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn. Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n kà, 14.4 ló ní i, wọ́n sì sọ pé iye náà ga. Wọ́n fura pé epo rọ̀bì tí ń dà sílẹ̀ àti gáàsì tí ń jó lè wà lára ohun tó fà á. Ìfura nìyẹn, kò tíì di ẹ̀rí, kì í sì í ṣe kókó inú ọkàn ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ wa pé ọkàn ọmọ jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè nípa rẹ̀ ní agbègbè yìí.

Bí síkáànì bá rí kókó, ẹ má ṣe lọ bímọ sí ilé agbẹ̀bí tàbí ilé àdúrà. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà. Ṣùgbọ́n kí aboyún náà bímọ síbi tí dókítà ọkàn ọmọdé wà nítòsí, tí wọ́n lè wo ọkàn ọmọ náà lọ́jọ́ tí a bí i. Kí ẹ sì di ìwé síkáànì náà mú. Àwọn kan ń jù ú nù nítorí pé ó ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní ìdákọ́ńkọ́. Àwọn kan á gba ìyá níyànjú pé kí ó ṣẹ́ oyún náà kíá. Òfin tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà kò fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ àyàfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Oyún tí ó ti kọjá oṣù márùn-ún ni a sì sábà máa ń rí kókó yìí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ fi ara rẹ̀ fún oníṣẹ́ bòókẹ́lẹ́ lásìkò náà lè má padà wálé. Kí ìyá mọ òtítọ́ nípa àìsàn náà, rere àti búburú, kí ó tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

GÌRÌ KÌ Í ṢE TI ÌTỌ̀ MÀÁLÙ

Àǹfààní tí ó tóbi jù nínú mímọ̀ ṣáájú ni ti ọpọlọ. Wárápá àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, ó sì lè wá ní ọ̀nà tí kò jọ gìrì tí a mọ̀. Ọmọ náà á kàn máa ká ara jọ lójijì, yóò na ọwọ́, yóò tẹ orí síwájú, yóò sì tún tú ara sílẹ̀. Yóò tún ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, léraléra, pàápàá nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William West, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1841. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló rí i lára rẹ̀. Nílé wa, a ó ní inú ló ń run ún, tàbí pé nǹkan ló dẹ́rù bà á. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọpọlọ ń bàjẹ́ lọ.

Òbí tí ó ti mọ̀ láti inú oyún pé kókó wà nínú ọkàn kò ní ṣe àṣìmọ̀ yẹn. Òun ni yóò sọ fún dókítà pé, ẹ wò ó, ó ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ vigabatrin tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an fún irú wárápá yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa wo ojú ọmọ nítorí pé ó lè pa ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú lára. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà ṣe ní Yúróòpù, tí ń jẹ́ EPISTOP, tí ó jáde ní 2021, fi hàn pé bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ wo iná ọpọlọ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti kékeré, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn náà kí wárápá tó dé, ewu wárápá náà máa ń dín kù.

Ẹ má ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìtọ̀ màálù. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ti wádìí àgbo ìtọ̀ màálù tí a ń fún ọmọ tí gìrì mú, wọ́n sì rí i pé ó máa ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì lè pa ọmọ. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Ẹ má ṣe fi síbí la eyín rẹ̀. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wárápá kì í ràn, itọ́ ẹnu ọmọ náà kò ní kó o ran ẹnikẹ́ni.

BÙRÉÈKÌ TUNTUN

Ìròyìn ayọ̀ kan tún wà. Ní 1964, àwọn onímọ̀ láti Kánádà lọ sí erékùṣù kan tí ó jìnnà réré nínú òkun, Rapa Nui, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Easter Island, wọ́n sì bu erùpẹ̀ rẹ̀ wálé. Nínú erùpẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ohun tí ó di oògùn rapamycin, tí à ń pè ní sirolimus. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó wá mọ̀ pé ohun tí oògùn náà ń dá dúró nínú ara ni ẹ́ńjìnnì tí TSC1 àti TSC2 yẹ kí ó máa kó níjàánu. Ó di bùréèkì àfirọ́pò. Èyí tí ó jọ ọ́, everolimus, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2010 fún irú kókó kan tí àìsàn yìí ń fà nínú ọpọlọ.

Àwọn dókítà kan lókè òkun tilẹ̀ ti fún aboyún ní sirolimus nígbà tí kókó fẹ́ pa ọmọ inú, àwọn ọmọ kan sì ti yè. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí káńtà. Ó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, owó rẹ̀ sì wọ́n. Dókítà tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ nìkan ló lè fún ènìyàn.

ÀWA TÍ A WÀ LÁJÒ

Ẹ̀yin ará wa, ìyà ọ̀rọ̀ yìí lè ju ti ilé lọ fún àwa tí a wà nílẹ̀ àjòjì. Ìyá tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Port Harcourt kò ní ìyá tirẹ̀ nítòsí tí yóò bá a gbé ọmọ, kò ní àbúrò tí yóò dúró tì í ní ọsibítù. Ìpàdé ọmọ ìlú tí à ń ṣe lọ́jọ́ Sunday, ẹgbẹ́ obìnrin inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ parí sí aṣọ ẹbí àti ìsìnkú. Àjọ tí a ń dá lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún síkáànì ọkàn aláboyún kan. A lè yan obìnrin méjì tí yóò máa bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. A lè dá ahọ́n tí ń sọ pé àbíkú ni dúró.

Ọmọ tí a bá rí kókó nínú ọkàn rẹ̀ kí a tó bí i kò wá láti dá ìyá rẹ̀ lóró. Ó ti fi ohun tí ń ṣe é hàn wá kí ó tó dé, bí àlejò tí ó ránṣẹ́ ṣáájú pé ẹsẹ̀ ń dun òun, kí wọ́n wá àga sílẹ̀ de òun. Ẹ béèrè nípa ọkàn nígbà tí ẹ bá tún lọ ṣe síkáànì. Bàbá ọmọ, bá ìyàwó rẹ lọ. Ìyá ọkọ, ẹ bá wa fi sùúrù sí i.

Kí Olódùmarè sọ gbogbo aboyún wa kalẹ̀ ní àyọ̀.